Ohùn Àṣìkẹ́ Nínú Ẹ̀rọ Tó Ń Gbàgbé

Bí a bá ní ká máa ka ohun tí títì tí ìjọba ti ibodè Bẹ̀nẹ̀ gbà lọ́wọ́ ará Ìlárá, ilẹ̀ á ṣú, ẹnu á bó, a ò sì ní tíì kà á dé ìdajì. Ó gba ọjà lọ́wọ́ ọlọ́jà, ó gba epo nínú táńkì ọlọ́kadà, ó gba ẹ̀rín lẹ́nu ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ há sódìkejì. Kí Ọlọ́run má tún fi irú ọdún náà hàn wá. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń sọ yìí, Toheebat ọmọ Ọdẹkúnlé ò bá ẹnikẹ́ni du ìrẹsì. Ohùn ló ń wá: ohùn ẹni tó ti kú, fún ẹni tó ń kú lọ.

Bàbá rẹ̀ wà lórí ẹní nínú yàrá iwájú, ojú rẹ̀ kọ sí ẹnu ọ̀nà. Àrùn ẹ̀gbà ti mú apá ọ̀tún rẹ̀ lọ, ó sì ti sọ ahọ́n rẹ̀ di òkúta. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé Bàbá lọ sílé, kí wọ́n lọ wà láàrin àwọn èèyàn wọn. Gbogbo ẹni tó gbọ́ gbólóhùn yẹn ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún bi dókítà léèrè ọ̀rọ̀. Etí nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́ lára Ọdẹkúnlé. Bí adìẹ bá rìn wọlé, ojú rẹ̀ á wá a kiri. Bí Toheebat bá pè é, ìpéǹpéjú rẹ̀ á gbọ̀n.

Nílé wọn, tí wọ́n ń pè ní ilé Oníbodè, àgbà kì í lọ láìgbọ́ oríkì rẹ̀. Obìnrin ilé ni í jókòó ti orí rẹ̀, tí í ki i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kó lè mọ ohun tí yóò wí bí àwọn ará iwájú bá bi í pé, "Ìwọ, ọmọ ta ni?" Ẹni tí a kò bá kì, wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí, bí àlejò tí kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọdẹkúnlé ń kírun, ó ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ó ti sọ fún àlùfáà wọn pé, "Àlùfáà, ẹ gbàdúrà fún mi, mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n gbọ́ orúkọ ilé mi ná, kí n tó lọ bá Ọlọ́run tó dá a." Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n ṣáà rántí fi kálímà kún un.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó mọ oríkì náà tán ti lọ. Àṣìkẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n Ọdẹkúnlé, àgbàlagbà obìnrin tó jẹ́ pé bó bá ń ki èèyàn, orí onítọ̀hún á wú, ẹni tí ebi ń pa á gbàgbé oúnjẹ. Láti kékeré ni Toheebat ti ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí mímọ̀. Ọjà Kétu lódìkejì ibodè ló ń ná nígbà náà. Ìdájí ni yóò ti gun ọ̀kadà kọjá, ìrọ̀lẹ́ ni yóò wọlé, oorun ni yóò sì bá ohùn Àṣìkẹ́ pàdé létí rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo tó ro ọ̀la ni Olúdayọ̀, àbíkẹ́yìn Àṣìkẹ́. Ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa ki ará ilé, kí ẹ̀rọ máa gbà á sílẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ èṣí dé, Àṣìkẹ́ papòdà. Olúdayọ̀ bá iṣẹ́ lọ sí Kútọnù, kò sì tíì padà wá tí wọ́n fi ti ibodè.

Ó fi láptọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ nínú àpótí, torí pé ẹ̀rọ ọ̀hún ti darúgbó. Kútọnù ló ti rà á ní tòkúnbọ̀, lẹ́tà àwọn Faransé ló sì wà lórí bọ́tìnnì rẹ̀. Ètò tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀ wúwo jù ú lọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tí wọ́n gbé ẹrù ọ̀dọ́ rù, títí ó fi dákẹ́. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Bí iná ò bá sí lẹ́nu rẹ̀, òun náà ò sí. Olúdayọ̀ wá fi okùn so fíláàṣì pupa kan mọ́ ọn, ó ní Línúùsì ló wà nínú rẹ̀, ètò mìíràn tí ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, irú èyí tó fúyẹ́ tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ àgbàlagbà.

Àpótí yẹn ni Toheebat ṣí lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Nàfíù, ọkọ rẹ̀, wà ní àgbàlá, ó tẹ ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi rọ́bà fa epo inú rẹ̀ sínú ike. Ìjọba ti ní kí wọ́n má gbé epo dé ilé epo tó bá sún mọ́ ibodè mọ́, nítorí àwọn onífàyàwọ́. Láti ìgbà náà, epo di ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ bí ẹni fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́.

"Ìyá Qúdrát," ló wí, ó tu èyí tó ta sí i lẹ́nu dànù, "ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé bí mo bá fa èyí tán, alùpùpù yìí ti di àga ìjókòó nìyẹn. Bó bá di pé ká gbé Bàbá jáde ńkọ́?"

"Bàbá Qúdrát, níbo la tún ń gbé wọn lọ?"

Nàfíù gbé ike náà sókè, ó wo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì dà á sínú jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé.

Ìyá Málọmọ́, àgbà obìnrin ará ilé kejì tó ti wá jókòó ti aláìsàn láti àárọ̀, yọ orí lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀rọ ni yóò wá máa ki èèyàn wàyí? Ayé mà ti dayé o! Láìpẹ́ ẹ̀rọ á máa bá wa sunkún òkú, àwa á jókòó, a ó máa jẹ mọ́ínmọ́ín."

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin ò lè bá wa ki wọ́n ni?" ni Nàfíù bi í.

"Èmi kẹ̀? Oríkì ilé wa lèmi mọ̀. Bí mo bá fi ki àna rẹ, ilé wa ni yóò yà sí tó bá dé ọ̀run, bàbá mi á sì lé e jáde. Ìjà ilẹ̀ wà láàrin wọn."

Toheebat pàápàá rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ìyẹn ni òun yóò rín mọ lọ́jọ́ náà.

Jẹnẹrétọ̀ bú. Toheebat ní, "Bísímílláhì," ó ki fíláàṣì pupa bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì tí Olúdayọ̀ kọ sójú ìwé pélébé kan pé kí wọ́n tẹ̀. Ojú ẹ̀rọ dúdú títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rètí nù, kó tó di pé ó tàn. Ó tàn fúyẹ́fúyẹ́, bí ẹni tó sùn re. Ó ṣí ibi tí orúkọ Àṣìkẹ́ wà. Ohun tó bá níbẹ̀ kó o láyà jẹ, ló bá pe Olúdayọ̀ lórí Wáàsáàpù.

Igun fèrèsé ló fi fóònù tì sí, ibi kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ti ń wọlé. Bó bá sún kúrò níbẹ̀ pẹ́rẹ́, tòdìkejì á já a gbà, wọ́n á sì kọ ọ́ ránṣẹ́ pé "Bienvenue", ìyẹn káàbọ̀ lédè Faransé. Ibodè tí ẹsẹ̀ èèyàn ò lè kọjá, fóònù ń kọjá rẹ̀ láìtọrọ gáfárà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ṣì wà. Dayọ̀, ẹ̀rọ ti jí o, mo dúpẹ́. Mo ti rí orúkọ Màmá níbẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo ṣí i, nǹkan wẹ́wẹ́ ló kún un, wọn ò lóǹkà. Èyí tí mo bá tẹ̀, á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Mo gbé ọ̀kan sórí fóònù, fóònù náà ní òun ò mọ̀ ọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ètò tí mo fi gba ohùn wọn sílẹ̀ ló gé e bẹ́ẹ̀, bí ẹni rẹ́ ilá. Òun nìkan ló mọ bó ṣe tò ó. Ẹ̀rọ dákẹ́ kí n tó ráyè kó o pọ̀ sójú kan."

"Ṣé mi ò lè fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ, kí o bá wa tò ó lọ́hùn-ún?"

"Ó tóbi jù, Ẹ̀gbọ́n. Dátà gbogbo Ìlárá ò lè gbé e. Ètò yẹn gan-an ló fúyẹ́. Ẹ ó fi íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù yín fà á wálẹ̀, ẹ ó gbé e sórí Línúùsì yẹn, á sì to ohùn Màámi pọ̀ fún yín."

"Kí ló dé tí o ò ti gbé gbogbo ẹ̀ sínú ikùn ẹ̀rọ yìí látìgbà náà?"

Olúdayọ̀ kẹ́dùn. "Ẹ̀rù bà mí. Bí Línúùsì bá ń wọ inú ẹ̀rọ, ó máa ń béèrè bóyá kí òun nu gbogbo ohun tí òun bá níbẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ṣì báyìí, ohùn Màámi lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó máa ti orí fíláàṣì ṣiṣẹ́, bí àlejò tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò wọ yàrá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fetí sí mi dáadáa. Iná ò gbọdọ̀ lọ. Bí iná bá lọ, gbogbo ohun tí ẹ bá fi kún un, á gbàgbé ẹ̀ pátá. Àfi kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

"Mo gbọ́. Bàbá Qúdrát, ṣé o gbọ́? Iná ò gbọdọ̀ lọ."

"Mo gbọ́," ni Nàfíù wí. Ó lọ dúró ti jẹnẹrétọ̀ bí ẹni ṣọ́ ẹran.

Olúdayọ̀ ní kó wá fèrèsé dúdú kan nínú ẹ̀rọ náà, níbi tí kò ti sí àwòrán kankan, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ń bá a sọ. Toheebat rí i. "Ẹ kọ sudo. Ẹ fàyè sílẹ̀. Ẹ kọ apt. Ẹ fàyè sílẹ̀. Ẹ kọ update. Ẹ wá tẹ ẹ́ńtà."

Ìka kan ló fi ń ṣa lẹ́tà, bí adìẹ ṣa àgbàdo. Ẹ̀rọ dá a lóhùn pé òun ò mọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ó tún un kọ, ẹ̀rọ tún kọ̀. Òógùn ń yọ sí i lórí nínú ọyẹ́. Ó wá fara balẹ̀ wo ohun tó kọ.

"Dayọ̀, A ni mo tẹ̀ o. Q ló jáde."

Olúdayọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ará Ìlárá mà lẹ̀rọ yẹn! Lẹ́tà Faransé wà lára rẹ̀ níta, Gẹ̀ẹ́sì ni Línúùsì ń sọ nínú. Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ A, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Q sí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú fèrèsé dúdú náà, bí ìjàlọ tó ń kó oúnjẹ relé. Ó dúró. Olúdayọ̀ tún pe èkejì fún un, èyí tó ní orúkọ ètò náà gan-an lára: sudo apt install audacity. Toheebat rántí Q níbi gbogbo tó yẹ. Ẹ̀rọ bi í léèrè bóyá ó fẹ́ tẹ̀síwájú. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀ lórí ẹní, ó ní, "Mo fẹ́ tẹ̀síwájú, Ọlọ́run," ó sì tẹ Y.

Ìjàlọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Nínú yàrá, Ìyá Málọmọ́ ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí aláìsàn. "Toheebat, ẹ ṣe é kíá o. Mímí rẹ̀ ti ń já. Ó ń fà á, ó ń dúró, bí ẹni tó ń ronú kó tó gbé ẹsẹ̀."

"Ó kù díẹ̀, Ìyá."

Ó sì kù díẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tó ń sáré dúró. Toheebat lọ wo àárín àwọn ètò tó wà lórí ẹ̀rọ, ó rí àmì tí Olúdayọ̀ júwe fún un, íápíìsì aláwọ̀ búlúù tí iná pupa wà láàrin rẹ̀. "Ó ti dé!" ló kígbe. "Bàbá Qúdrát, ó ti dé o!"

Bó ṣe na ọwọ́ láti ṣí i ni wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ lójú títì.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Gbogbo ará Ìlárá ló mọ ìró Hílúùsì àwọn aṣọ́bodè nígbà náà, bí ìyá ṣe mọ igbe ọmọ rẹ̀. Bó bá ti ń bọ̀, ọlọ́jà á kó ọjà wọlé, ọlọ́kadà á yà sígbó, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ á pa á lójú ẹsẹ̀, nítorí jẹnẹrétọ̀ tó ń bú ń jẹ́rìí pé epo wà nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gba ẹrù lọ́wọ́ Nàfíù. Kò ro nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ dé orí bọ́tìnnì kí orí rẹ̀ tó mọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Ojú ẹ̀rọ di dúdú.

"Ẹ dákẹ́," Nàfíù rọra wí, "ẹ dákẹ́, wọ́n ti dé."

Kò sẹ́ni tó mira. Ìyá Málọmọ́ ti jáde síta láìsọ̀rọ̀, ó jókòó lé ike epo, ó sì tẹ́ ìró rẹ̀ bò ó bí ẹni tó jókòó sórí àpótí. Ọkọ̀ náà dúró níwájú ilé. Àwọn obìnrin méjì sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ funfun, wọ́n gbé kúlà kékeré kọ́ èjìká.

"Ẹ kú ilé o! Ṣé ọmọ kéékèèké wà nílé yìí? Ẹ̀kán àjẹsára rọpárọsẹ̀ la gbé wá."

Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ọ̀kan yọjú wo inú yàrá, ó rí ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ara kan òkú, ara kan ààyè. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ.

Nàfíù dúró ní àgbàlá, ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú ara rẹ̀, ó ń wò ó bí ọwọ́ ẹlòmíràn. "Ìyá Qúdrát, ọwọ́ mi ló ṣe é. Orí mi ò sí níbẹ̀."

Toheebat ò bá a jà. Ìjà dà níbẹ̀? Ibodè tí wọ́n tì lójú ọ̀nà ti wọnú ọwọ́ èèyàn, ó ń pàṣẹ fún un. Ohun tó sọ kò ju, "Fà á padà."

Nàfíù fa okùn jẹnẹrétọ̀. Fíláàṣì jí ẹ̀rọ. Ó jí bí ọmọ tuntun, kò mọ nǹkan kan. Toheebat wá íápíìsì búlúù títí, kò sí níbẹ̀. Ó ṣí fèrèsé dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìjàlọ sáré dé ìdajì, dátà orí fóònù rẹ̀ tán. Nàfíù sáré gbé tirẹ̀ wá, wọ́n fi tì sígun fèrèsé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ já a gbà, wọ́n ní "Bienvenue". Nàfíù dì í mú sókè lọ́wọ́ méjèèjì lórí àga, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, títí tí Nàìjíríà fi padà wọlé. Lẹ́yìn ilé, jẹnẹrétọ̀ ti ń yí ohùn padà. Epo ìṣáájú ti jó dànù sórí ohun tí ẹ̀rọ ti gbàgbé.

"Olúwa, ìwọ tí kì í gbàgbé," Toheebat ń wí lábẹ́ èémí bó ṣe ń ṣa lẹ́tà, "ìwọ tí o ń ti ilẹ̀kùn tí o sì ń ṣí i, má jẹ́ kí ojú tì mí lọ́wọ́ bàbá mi."

Íápíìsì búlúù jáde. Kò kígbe lọ́tẹ̀ yìí. Ó ṣí i, ó fi orúkọ Àṣìkẹ́ hàn án, ètò náà sì to àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ yẹn pọ̀ síwájú rẹ̀, ó di ìlà gígùn kan tó rí ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín ìyarun. Toheebat yí ẹ̀rọ náà kọjú sí orí ẹní. Ó tẹ àmì aláwọ̀ ewé.

Wọ́n gbọ́ ikọ́. Ikọ́ Àṣìkẹ́ ni, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ jáde, ó hàn gbangba bí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Dayọ̀, ṣé o ti tẹ̀ ẹ́? Ṣé ó ti ń gbọ́?"

Ohùn Olúdayọ̀ dáhùn nínú ẹ̀rọ, "Ó ti ń gbọ́, Màámi. Ẹ máa wí."

"Èmi ò ní ki afẹ́fẹ́ o. Ojú la fi ń ki èèyàn. Ọdẹkúnlé dà? Ẹ bá mi pè é kó wá jókòó síbí. Ọdẹkúnlé! Ọdẹkúnlé o!"

Lórí ẹní, ojú Ọdẹkúnlé là gbàgà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ gbéra nílẹ̀. Ahọ́n tó ti di òkúta láti ìgbà yìí wá tú, ó sì dáhùn bí àbúrò ṣe ń dá ẹ̀gbọ́n lóhùn láti inú oko.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ń bọ̀."

"Yéè!" Ìyá Málọmọ́ fò dìde. "Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ! Ta ní í jẹ́ òkú? Ọdẹkúnlé, má jẹ́ ẹ, kò pè ọ́!"

Ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ ẹ. Èyí tí gbogbo wọn mọ̀, tí ìyá fi ń kìlọ̀ fún ọmọ láti kékeré pé bí òkú bá pe orúkọ rẹ lójú àlá, dákẹ́, òun ni wọ́n gbàgbé nínú ìkánjú ọjọ́ náà. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn gbé òkú wá, ó ti pe ààyè, ààyè sì ti dáhùn. Ohun kan ṣoṣo tó lè tún un ṣe ni oríkì, kí Àṣìkẹ́ tó pè é yìí kúkú kì í délé. Nínú ẹ̀rọ, wọ́n gbọ́ tó rẹ́rìn-ín sẹ́nìkan. Wọ́n gbọ́ tó fa èémí sínú, èémí gígùn yẹn tó máa ń fà kó tó gbóhùn sókè.

Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

Nàfíù mì í, ó dorí rẹ̀ kodò, ó fa okùn rẹ̀ títí okùn fi já sí i lọ́wọ́. Ó sáré lọ sílé kejì, ó sáré lọ sí ẹ̀kẹta, ó ń bẹ̀ wọ́n fún epo ìdérí ìgò kan lásán. Gbogbo wọn ní àwọn ò ní. Bóyá òótọ́ ni, bóyá wọ́n ní in. Lọ́dún náà, ta ni yóò sọ pé òun ní epo?

Toheebat fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ó lọ jókòó ti orí bàbá rẹ̀, ó gbé e lé itan. Ojú Ọdẹkúnlé wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Toheebat gbóhùn sókè.

"Ọdẹkúnlé, ọmọ Oníbodè,
Oníbodè tí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò,
Ọmọ a-kọjá-odò-má-bèèrè-ọ̀nà,
Odò mọ bàbá rẹ, ọ̀nà mọ ìyá rẹ…"

Ó dúró. Ohun tó tẹ̀ lé e ò wá. Ó mọ̀ pé ẹtu kan wà níwájú, igi ìrókò kan sì wà lẹ́yìn ẹtu náà, ṣùgbọ́n ohun tó wà láàrin wọn ti lọ. Ó fò ó, ó mú ibòmíràn.

"Ẹtu tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ kì í parí ewé ẹnu rẹ̀…"

Kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Ó mọ̀. Wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ ló wà lọ́wọ́ òun náà, kò sì sí ètò tí yóò bá a tò ó.

"Ẹ̀n, máa lọ, ọmọ mi," ni Ìyá Málọmọ́ ń wí, omijé ti bo ojú rẹ̀. "Má dúró. A kì í dúró."

Kò dúró. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó pe Oníbodè, ó pe odò, ó pe ọ̀nà, ó dé ibi tó ti já, ó tún padà. Ó ń yí lójú kan bí àgùntàn tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ó fi kálímà kún un bí àlùfáà ti wí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọdẹkúnlé ò yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí ojú náà fi dúró gbọn-in lẹ́nu ọ̀nà, tí mímí tó ń já ò sì tún so mọ́.

Kí Ọlọ́run ṣíjú àánú wo ẹni tó lọ, kó sì tu ẹni tó kù nínú.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, tí àwọn tó wá kí wọn ti ń dín kù, Olúdayọ̀ pè. Ó sunkún, ó sì bá wọn kẹ́dùn. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn. Bí wọ́n bá ti ṣí ibodè, èmi fúnra mi á wá. Mà á kọ́kọ́ kó ohùn Màámi síbòmíràn, mà á wá gbé Línúùsì sínú ikùn rẹ̀, kò ní gbàgbé mọ́ láé. Oríkì yẹn wà níbẹ̀ lódidi, kò sí èyí tó sọnù. Ẹ ó gbọ́ ọ dópin."

"Mo mọ̀, Dayọ̀. O ṣeun."

Toheebat wo ibi tí ẹní wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ká a nílẹ̀, wọ́n ti gbá ibẹ̀. Láptọ́ọ̀pù wà lórí àpótí, ó ti fi okùn so fíláàṣì pupa mọ́ ọn padà bó ṣe bá a.

"Ṣùgbọ́n bó bá jáde," ló wí, "tó tún ní, 'Ọdẹkúnlé dà?' Dayọ̀, ta ni yóò jẹ́ ẹ?"

Toheebat dúró lẹ́nu fóònù, ó ń retí ohùn rẹ̀. Nígbà tó gbé e kúrò létí tó wò ó, ó ti kúrò ní igun fèrèsé láìmọ̀, òdìkejì sì ti já a gbà. Wọ́n ní kó káàbọ̀.